Ṣé ọ̀dọ́ Okun lè yí ìlú padà, àbí àga la ó máa tò títí?

Àgbẹ̀Yàgbà

Okun o, ẹ̀yin ará ilé, gbogbo ẹ̀yin Yorùbá Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Sátidé tó kọjá ni wọ́n pe ìpàdé wọ́ọ̀dù wa. Wọ́n ní kí ọ̀dọ́ dé láago mẹ́jọ àárọ̀, kí àwọn àgbà máa bọ̀ ní mẹ́wàá. A dé. Wọ́n ní ká lọ kó àga ní ṣọ́ọ̀ṣì, ká na tapólì, kí ẹnì kan lọ ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Aago méjìlá kọjá kí àwọn àgbà tó yọjú. Alága wá ní kí aṣojú ọ̀dọ́ dìde, kó sọ tẹnu wa. Ẹni tó dìde, àkọ́bí rẹ̀ ti sìnrú ìlú tán, ó ti gbéyàwó. Ó kí gbogbo olóyè ẹgbẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní àwa ọ̀dọ́ wà lẹ́yìn wọn gbágbágbá, ó jókòó. Ó parí. Kò sẹ́ni tó tún bi wá ní gbólóhùn kan títí a fi kó àga padà. Mo kà á: àga 64. Ọ̀kan ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, èmi ni wọ́n sì ní kí n gbé e lọ sílé lọ kàn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo jókòó ti àga yẹn, tí mò ń ka ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nepal. Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án 2025, ìjọba wọn ti ojú-òpó ayélujára 26 pa: Facebook, YouTube, WhatsApp, gbogbo ẹ̀. Ní ọjọ́ 8, àwọn ọmọ bọ́ sí títì, òmíràn wọ aṣọ ilé-ìwé. Ní ọjọ́ 9, K.P. Sharma Oli tó jẹ́ olórí ìjọba kọ̀wé fipò sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 12, wọ́n ti búra fún Sushila Karki, adájọ́ àgbà àná, pé kó di ìjọba mú títí ìdìbò yóò fi dé. Orí Discord, níbi táwọn ọmọ ti máa ń bára wọn sọ̀rọ̀ nídìí géèmù, ni wọ́n ti jíròrò orúkọ rẹ̀.

Mo wá ń bi yín: kí ni àwọn yẹn ní tá ò ní? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òwe dá mi lóhùn o. Òwe ti pọ̀ jù ní ìpàdé ọjọ́ yẹn.

ỌmọBùnú

Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè yín ò le. Àwọn ò bẹ̀rù, àwa ń bẹ̀rù. À ń bẹ̀rù bàbá wa, à ń bẹ̀rù ẹni tó ní òun máa bá wa wáṣẹ́, à ń bẹ̀rù pé wọn ò ní kọ orúkọ wa síbi ìrẹsì ọdún.

Bí ọ̀dọ́ ẹgbẹ̀rún méjì bá jókòó sójú títì Kàbà fún ọjọ́ mẹ́ta péré, kò sí ọkọ̀ sìmẹ́ńtì kan tó máa ti Obájánà kọjá. Ká wá wò ó bóyá wọn ò ní gbọ́.

TíṣàÀná

Okun, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìtàn ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì sí Mọ̀pà níbí, ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Ọjọ́ méjì tí ẹ ń kà yẹn, ẹ ka òkú inú rẹ̀ mọ́ ọn. Ó lé ní 70 ẹni tó kú ní Nepal, ó kéré tán 19 lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìkan. Ilé aṣòfin wọn jóná. Ẹ tún wo Bangladesh. Ní 2024, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kò bójú mu kí wọ́n ya 30% nínú iṣẹ́ ọba sọ́tọ̀ fún ìdílé àwọn tó ja ogun òmìnira 1971. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé kí ìjọba lọ. Ìjọba fi ìbọn dá wọn lóhùn, ọ̀rọ̀ wá di ti ìjọba. Ní ọjọ́ 5 oṣù kẹjọ, Sheikh Hasina, tó ti wà lórí àga fún ọdún 15 léraléra, sá gba Íńdíà lọ. Ẹ̀yin rí i lórí fóònù, ẹ pàtẹ́wọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ó ṣeé ṣe kí òkú inú ọ̀rọ̀ náà tó 1,400.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Madagascar. Omi ẹ̀rọ àti iná mànàmáná ni àwọn ọmọ yẹn torí ẹ̀ jáde ní oṣù kẹsàn-án 2025. Irú ohun táwa náà ń wá. Ààrẹ wọn, Rajoelina, fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ta ló wọ ààfin ní oṣù kẹwàá? Kọ́nẹ́ẹ̀lì kan. Àwọn ọmọ lé àparò jáde nínú koríko, ẹni tó gbé ìbọn ló gbé e délé. (Ẹ má bínú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ká má pòwe. Èyí kì í ṣe òwe, ìròyìn ni.)

Ìwọ ọmọ Bùnú, àwọn dírẹ́bà tí o fẹ́ dá dúró mọ́jú lọ́nà yẹn, ṣé o mọ ohun tó ń rìn nínú igbó ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà bí ilẹ̀ bá ṣú?

ỌmọBùnú

Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lo ọjọ́ mẹ́sàn-án lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Ìyẹn gan-an ló ń mú mi bínú.

NàìróbìNiMoWà

Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i. Nàìróbì ní Kenya ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì wà níbẹ̀ nígbà tí tiwọn bẹ́ ní 2024. Gbogbo ayé rí èéfín tajútajú, wọ́n rí àwọn ọmọ tó já wọ ilé aṣòfin ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà. Ohun tó ṣáájú èyí ni ẹ ò rí, òun sì ni iṣẹ́ gangan.

Àbádòfin ìṣúná ni wọ́n ń jà sí. Ìwé náà gùn, èdè rẹ̀ sì le bí egungun. Àwọn ọ̀dọ́ já a sí wẹ́wẹ́. Ẹnì kan á mú ojú ewé kan, á ṣàlàyé rẹ̀ ní Kiswahili, ẹlòmíràn á ṣe é ní Kikuyu, ẹlòmíràn ní Luo, wọ́n á gbé e sórí TikTok. Ẹni tó ń gé irun fún mi, kò parí sẹ́kọ́ńdírì. Lọ́jọ́ kan ó dá kílípà dúró ní ìlàjì orí mi, ó fa fóònù yọ, ó ní "Ẹ wo ibí yìí, búrẹ́dì ni wọ́n fẹ́ fi owó orí 16% lé." Ó tún yí ojú ewé: 2.5% iye mọ́tò lọ́dọọdún. Mo jókòó bẹ́ẹ̀, orí mi ìlàjì dúdú ìlàjì funfun, bábà ń kọ́ mi ní ètò owó orí. Èmi tí mo kà á ní yunifásítì!

Ìjọba yọ ti búrẹ́dì àti ti mọ́tò kúrò ní ọjọ́ 18, kí wọ́n tó dìbò lé e. Àwọn ọmọ ní àwọn ò fẹ́ àtúnṣe, gbogbo ẹ̀ ni kó lọ. Ní ọjọ́ 26, Ruto, ààrẹ wọn, ní òun ò ní fọwọ́ sí i. Ó lé ní 30 ẹni tí ẹ̀mí wọn lọ sí i, Tíṣà ò purọ́. Ààrẹ tú ìgbìmọ̀ mínísítà ká ní oṣù keje, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó tún pe àwọn kan nínú wọn padà. Nígbà tó di oṣù kejìlá, díẹ̀ nínú owó orí náà ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ṣùgbọ́n bábà mi ti mọ ìwé ìṣúná kà, ẹnikẹ́ni ò lè gba ìyẹn lọ́wọ́ ẹ̀ mọ́.

Ẹ wá dá mi lóhùn. Nínú gbogbo wa tá a wà níbí, ta ló ti fojú kan ìwé ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ ẹ̀ rí? Kì í ṣe pé ó kà á o. Ó fojú kàn án.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́

Ẹ kú ìsọ̀rọ̀ o. Ọmọ mi ló ní kí n wá wo ohun tẹ́ ẹ ń kọ.

Èmi ò mọ Nepal, ọjà ni mo mọ̀. Ní ọjà kan tí mo máa ń ná, gbogbo ọjọ́ ọjà ni ọmọkùnrin kan ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ wa, wọ́n ní ti ìmọ́tótó ni. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà nínú ọjà náà, wọ́n ti fi pákó kàn án pa láti ìgbà tí àbíkẹ́yìn mi ń rákò. Ó ti wà ní pírámárì kẹta báyìí. Bí ara bá gbọ̀n wá, ilé ìyá arúgbó kan lẹ́yìn ọjà la máa ń sá lọ, a ó fún un ní ọgọ́rùn-ún náírà. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń sanwó, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ara ń tù wá.

Mo bi ọmọ tíkẹ́ẹ̀tì yẹn: níbo lowó yìí ń lọ? Ó ní òun ò mọ̀, màmá, pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ni tòun. Ó ka NCE tán, kò ríṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ọ̀dọ́ kiri, ẹ ti rí ọ̀kan. Ó wà ní ẹnu ọ̀nà ọjà, ó ń gbowó fún àwọn tí kò mọ̀.

Èlùbọ́ tí mo ń rà láti apá Yàgbà, ọkọ̀ tó ń kó o wá kì í fẹ́ wà lójú ọ̀nà mọ́ bó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bí ọkọ̀ bá sùn lọ́nà, èlùbọ́ gbowó lórí. Ẹni tó rà á ní Kàbà á ní èmi ni mo sọ ọjà di wíwọ́n.

ỌmọÌjùmúLÁbújá

Mo kí gbogbo ilé. Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀.

Ó dà bíi pé a ti ń sọ ọ́ bíi pé ọjọ́ orí ni oògùn. Ṣé a ti gbàgbé? Yahaya Bello pé 40 ni nígbà tó di gómìnà wa ní oṣù kìíní 2016, òun ni gómìnà tó kéré jù ní gbogbo Nàìjíríà nígbà náà. Àwa ọ̀dọ́ jó, a ní tiwa dé. Ẹ béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ èyíkéyìí bí owó oṣù ṣe ń wọlé ní ìlàjì-ìlàjì láyé ìgbà yẹn. Usman Ododo tó jẹ́ gómìnà báyìí náà kò tí ì pé 42 nígbà tí wọ́n búra fún un ní 2024. Nítorí náà, irun dúdú nìkan ò tó.

Nǹkan kejì. A ti dán agbára wa wò rí níbí, ní Kogi West wa yìí, ohun tó sì jáde ò dára. Ní 2017 wọ́n ní ká pe Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye padà láti ilé aṣòfin àgbà. Òfin fàyè gba á: bí ó bá ju ìlàjì àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà lọ tó fọwọ́ sí i, INEC á ṣètò ìdìbò bẹ́ẹ̀ni-bẹ́ẹ̀kọ́. Àwọn tó kó ìwé jọ ní orúkọ tó lé ní 188,000 làwọn ní. Ó dára. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin 2018, INEC ní kí àwọn tó fọwọ́ sí i wá fojú ara wọn hàn. Nínú 351,146 tó forúkọ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ méjèèje, 18,742 ni wọ́n rí fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Ìyẹn 5.34%. Ọ̀rọ̀ kú síbẹ̀.

Èmi ò bá Dino ṣe, n kò sì bá àwọn tó fẹ́ yọ ọ́ ṣe. Ohun tí mo ń wí ni pé ẹnì kan jókòó síbì kan, ó kọ orúkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wa sílẹ̀, àwa ò sì jáde láti sọ pé "èmi kọ́" tàbí "èmi ni". Orúkọ wa ń ṣiṣẹ́ òṣèlú láìsí àwa fúnra wa ńbẹ̀.

Àgbẹ̀Yàgbà

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn, mo ti dà á kọ síwájú ìwé oko mi.

ỌmọBùnú

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ń sọ ọ́ bíi pé ọ̀lẹ ló ń ṣe wá. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó.

Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún 2018 ni Buhari fọwọ́ sí òfin tá à ń pè ní Not Too Young To Run. Ó sọ ọjọ́ orí ẹni tó lè du ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ àti ti aṣojú-ṣòfin di 25 láti 30, ti ààrẹ di 35 láti 40. Wọn ò fọwọ́ kan ti gómìnà àti sẹ́nétọ̀, 35 ló ṣì wà. A yọ̀. Ní 2022, fọ́ọ̀mù APC fún ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ jẹ́ ₦2 mílíọ̀nù, ti aṣojú-ṣòfin ₦10 mílíọ̀nù, ti sẹ́nétọ̀ ₦20 mílíọ̀nù. Wọ́n ní àwọn dín in kù fún ọ̀dọ́. Ẹ dín in kù sí ibo? Owó oṣù tó kéré jù nígbà yẹn ₦30,000 ni. Ẹni tí kò jẹ, tí kò mu, tí kò wọ mọ́tò, á ṣiṣẹ́ oṣù 67 kó tó ra fọ́ọ̀mù ₦2 mílíọ̀nù, á sì tún ku owó ọ̀rẹ́ àti ìrẹsì. Bẹ́ẹ̀ òfin wa ò gba kéèyàn dá dúró láìsí ẹgbẹ́ òṣèlú. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn fún wa, wọ́n wá kó àpò sìmẹ́ńtì dí àbáwọlé.

ỌdẹÒru

Ẹ ń béèrè ibi tí ọ̀dọ́ wà. Inú igbó la wà.

Àwa mọ́kànlá là ń ṣọ́ abúlé wa. Ìbọn ṣakabùlà mẹ́ta, àdá, àti tọ́ọ̀ṣì orí. Ilé kọ̀ọ̀kan ń dá owó bátìrì lóṣooṣù. Lóṣù tó kọjá owó ò pé, mẹ́rin nínú wa ló lọ láìní iná. Bí mo bá darí dé ní aago mẹ́fà àárọ̀, oorun ni mo ń sùn, àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n máa ń fi ìpàdé sí. Oko ìyá mi tó wà ní ìsàlẹ̀ odò, ọdún kejì rèé tẹ́nikẹ́ni ò débẹ̀.

Mo ní káàdì ìdìbò. Ní ọjọ́ ìdìbò 2023, ọ̀nà ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ kí ẹ̀yin tó kù lè dìbò. Mi ò dì í.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́

Ọmọ mi, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ̀yin náà. Níbo ni wọ́n ti lè fi owó bátìrì ránṣẹ́ sí yín?

ỌdẹÒru

Ẹ ṣé, màmá. Ẹ má fi ránṣẹ́ sí èmi. Ẹ bá wa béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gba owó ààbò ní orúkọ wa.

TíṣàÀná

Mo ka ti ọdẹ yìí, mo gbé fóònù kalẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí á má gbàgbé gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ 1991 ni wọ́n yọ wá láti Kwara, wọ́n pa wá pọ̀ mọ́ àwọn tó ti Benue wá, wọ́n ní Kogi ni. Láti ìgbà náà, a kò tí ì dìbò yan ọmọ Okun kan sípò gómìnà. Clarence Olafemi tiwa láti Mọ̀pà dìí mú ní 2008, ṣùgbọ́n adelé ni, oṣù méjì péré, torí pé òun ni olórí ilé aṣòfin. Ní 2015, Abubakar Audu kú ní ọjọ́ 22 oṣù kọkànlá, nígbà tí ìbò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i lọ́wọ́, Faleke ọmọ Ẹkìnrìn-Àdé ló sì jẹ́ igbákejì rẹ̀. A ní ọ̀rọ̀ ti yanjú. Ẹgbẹ́ mú Bello tó ṣe ipò kejì nínú ìdìbò abẹ́nú, ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí i. Bí wọn ò bá yí ipò yẹn dé ọ̀dọ̀ wa, asán ni gbogbo èyí tẹ́ ẹ ń sọ.

Àgbẹ̀Yàgbà

Bàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ó dun èmi náà, ilé wa ni wọ́n ti sunkún ọjọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ Okun di gómìnà lọ́la. Ta ló máa to àga ní wọ́ọ̀dù wa?

TíṣàÀná

O gbá mi létí. Mo gbà.

ỌmọÌjùmúLÁbújá

Nígbà tí Tíṣà ti gbà, ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tọ́wọ́ wa lè tó.

Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn, pé gómìnà kò gbọ́dọ̀ dì í mú mọ́, kò sì gbọ́dọ̀ fi ìgbìmọ̀ adelé rọ́pò àwọn tí ìlú dìbò yàn. Ṣáájú ìgbà náà, àpò àjùmọ̀ní kan wà tí òfin ìpìlẹ̀ dá sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, owó kánsù á wọ ibẹ̀, ohun tó bá jáde lẹ̀ ń rí. Ní Kogi, wọ́n ṣe ìdìbò kánsù ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún kan náà. Ìjọba ìbílẹ̀ 21 ló wà, 21 ni APC mú.

Bí ẹ bá fẹ́ bínú sí 21 nínú 21, ẹ bínú. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló lọ dìbò ọjọ́ yẹn? Ta ló mọ orúkọ káńsẹ́lọ̀ ẹ̀?

ÌyáẸlẹ́lùbọ́

Mo mọ tèmi dáadáa. Ó jẹ mí ní gbèsè kóńgò èlùbọ́ mẹ́rin.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ábújá náà, ẹ má bínú sí mi o. Bí wọ́n bá ń sìnkú, mọ́tò yín á dí ọ̀nà ìlú látòkè délẹ̀, ẹ ó wọ aṣọ kan náà. Bí ìdìbò bá dé, ẹ ó ní ọ̀nà ò dára. Ọ̀nà kan náà ni.

ỌmọÌjùmúLÁbújá

Màmá, ẹ lù mí, mo sì yẹ fún un. Mo ti lọ sórí ojú-òpó INEC, mo ti tọrọ pé kí wọ́n gbé ìforúkọsílẹ̀ mi láti Ábújá padà sí wọ́ọ̀dù mi ní Ìyàrà. Mo ṣèlérí èlùbọ́ fún ẹni tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, èmi ni mo máa rà á lọ́wọ́ yín.

Òfin kan tún wà tá a lè lò. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011: ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí iléeṣẹ́ ìjọba pé kí wọ́n fún òun ní ìwé kan, kò tiẹ̀ ní láti sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Àwọn ìpínlẹ̀ kan máa ń ní kò kan àwọn, àfìgbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ ní oṣù kẹrin 2025 pé ó kan gbogbo wọn. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé, ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí èyí tẹ́ ẹ mú lọ sílé. Òǹtẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì o. Láìsí i, wọ́n á ní ẹ ò wá.

NàìróbìNiMoWà

Bí ẹ bá rí ìwé náà gbà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́. Èmi á já a sí wẹ́wẹ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ẹni tó máa kà á sínú fóònù ní Òwé, ẹni kan ní Yàgbà, ẹni kan ní Ìjùmú, Bùnú, àti Ọ̀wọ́rọ̀. Kì í ṣe Yorùbá inú ìwé ìròyìn. Bí ìyá wa ṣe ń sọ ọ́ nílé.

ỌmọBùnú

Bùnú wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣì fẹ́ jókòó sójú títì o, mi ò tí ì yí ọkàn padà. Ṣùgbọ́n n ó kọ́kọ́ kà á.

Àgbẹ̀Yàgbà

(Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn ìyẹn.)

Mo ní kí n wá jíṣẹ́. Àwa mẹ́rin la lọ sí iléeṣẹ́ kánsù kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀. A bá akọ̀wé kan níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ó ka lẹ́tà wa lẹ́ẹ̀mejì. Ó béèrè pé ta ló rán wa. A ní kò sẹ́ni tó rán wa. Ó tún béèrè pé ẹgbẹ́ òṣèlú wo. A ní àgbẹ̀ ni wá, ọ̀kan nínú wa sì ń tún fóònù ṣe. Ó wò wá títí, ó ní láti ìgbà tí òun ti wà níbẹ̀, àwọn tó ń wá, iṣẹ́ tàbí owó ìrànwọ́ ni wọ́n ń wá, kò sẹ́ni tó wá béèrè ìwé rí. Ó ní òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ọ̀gá ò sí.

A jókòó. Aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú ni ọ̀gá dé. Ó lu òǹtẹ̀ náà pẹ̀lú ìbínú, yíǹkì fọ́n sí mi láṣọ. Ìyẹn jẹ́ Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lónìí ni ọjọ́ méje pé. Wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí pé kí n wá lọ́la, pé àwọn ti rí "apá kan" rẹ̀. Bó bá ṣe apá tó ní ìmọ́tótó ọjà nínú ni, ÌyáẸlẹ́lùbọ́, ẹ̀yin la ó kọ́kọ́ kà á fún.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́

Ẹ máa bọ̀ lọ́jọ́ ọjà, ní àárọ̀ kùtù, kí àwọn oníbàárà tó pọ̀. Mo ti sọ fún ọmọ tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní òun náà fẹ́ gbọ́ ọ.

ỌdẹÒru

Ẹ wò ó bóyá owó ààbò wà nínú apá kan yẹn.

Àgbẹ̀Yàgbà

A kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Tiyín ló wà ní ìlà kejì.

Ó ku nǹkan kan. Ìpàdé wọ́ọ̀dù tún bọ́ sí Sátidé yìí. Wọ́n ti ránṣẹ́ pé kí ọ̀dọ́ dé láago mẹ́jọ, ká wá to àga. A ó tò ó. Ṣùgbọ́n lálẹ́ àná, a wọ ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, a bẹ alákòóso kó tó fún wa ní kọ́kọ́rọ́, a sì ti kọ orúkọ wa sẹ́yìn àga 17. Ìlà kejì láti iwájú.

ÌyáẸlẹ́lùbọ́

Ṣé èyí tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ wà nínú ẹ̀?

Àgbẹ̀Yàgbà

Mo ti kàn án. Èmi ni mo ń jókòó lé e.